Lúúrú ní Jabi: Ta Ló Sọ Pé Oúnjẹ Àjèjì Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Àwa méjèèjì tí a kọ àròkọ yìí rìn jìnnà díẹ̀, a sì rí abuké. Kì í ṣe ti erin. Èyí tí ó wà lẹ́yìn àwa fúnra wa ni, tí a ti ń gbé kiri láìmọ̀, títí di alẹ́ ọjọ́ tí a jókòó láti jẹun ní Jabi, ní ìlú Abuja.

Tọkọtaya ni wá. Inú ọgbà yìí ni a ti pàdé, ìpàdé ẹgbẹ́ yìí gan-an ni a sì ti kọ́kọ́ bá ara wa sọ̀rọ̀, kí a tó di ẹni tí ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ. Ọmọ Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, ni ìyàwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà já sí.

Ẹnì kan lè máa rẹ́rìn-ín pé ta ni ó ń pe Abuja ní ìdálẹ̀. A kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, a kò gba ìwé ìrìnnà, owó tí a ń ná nílé náà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn ní ìdájí, tí ó gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá, tí ó rí odò Ọya àti odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti yàtọ̀ lábẹ́ òun. Igbó á ti di ọ̀dàn. “Ẹ kú ọ̀nà” á ti di “sannu da zuwa.” Jabi àti Utako tí ó múlé tì í ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Yorùbá bọ̀ ń já èrò sí, nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé Jabi ni ẹsẹ̀ wa kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí a tó mọ ibòmíràn ní Abuja. Ibi tí èdè ẹni kò bá ti ṣe é fi ra omi mu mọ́, ìdálẹ̀ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, àmàlà ni a wá. A kò bèèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. A rìn, a tún rìn, a ń bi ẹni tí ó bá ní ilà lójú àti ẹni tí ó bá de fìlà gọ̀bì, títí ẹnì kan fi juwe ilé oúnjẹ kan fún wa. Àmàlà náà ti tutù. Ewédú rẹ̀ ń ṣàn bí omi òjò. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, bí a bá sọ ọ́, ẹ ó ní a ń purọ́. Síbẹ̀ a jẹ ẹ́ tán, a sì dìde pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹ wo irú ẹ̀dá tí a jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ wo adágún Jabi. Kì í ṣe adágún tí Ọlọ́run dá. Ènìyàn ni ó fi ìdídò sé omi náà mọ́lẹ̀. Létí rẹ̀ ni ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015 wà. Tọkọtaya bíi tiwa pọ̀ létí omi, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Ìgbà tí ebi wá dé, àárẹ̀ kò jẹ́ kí a tún lè máa wá àmàlà kiri. Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí a rí lójú ọ̀nà ni a yà sí. Ilé oúnjẹ àwọn ará Òkè Ọya ni. Ẹní wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sórí ẹní, àga wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ àga.

Ọmọkùnrin kan gbé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí wá fún wa. Tuwon shinkafa wà níbẹ̀, miyan kuka wà níbẹ̀, miyan taushe wà níbẹ̀, masa náà wà níbẹ̀. Ọkọ nínú wa bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni kuka. Ọmọkùnrin náà ní ewé ni, ewé tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀. Ọkọ bá kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ní Yorùbá, ní ohùn ẹni tí ó dá lójú pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́:

“Ewé gbígbẹ tí Gàmbàrí lọ̀! Ṣé oúnjẹ ènìyàn nìyẹn? Bá mi bi í bóyá wọ́n ní ìrẹsì.”

Kí ìyàwó tó lanu, agbáwo náà ti dáhùn.

“Ìrẹsì wà, sà. Sùgbọ́n ọbẹ̀ tí ẹ ń wí yẹn, lúúrú ni. Sé ẹ ò jẹ lúúrú rí ni?”

Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, ẹ̀yin ènìyàn wa. Kì í sì í ṣe Yorùbá ọjà lásán. Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, “sé” àti “sùgbọ́n” rẹ̀ dún bí ti ọmọ tí wọ́n bí sí Òjé. Ó ṣàlàyé fún wa pé Haúsá ni bàbá àti ìyá òun, ṣùgbọ́n Sábó Ìbàdàn ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ni òun ti lọ sílé ìwé, ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ni òun wá ṣiṣẹ́ sí Abuja.

Bí ilẹ̀ bá lanu ní wákàtí yẹn, ọkọ nínú wa ì bá wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó wá dùn wá jù ni pé ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń retí ohun tí a ó jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èébú lẹ́ẹ̀kan a máa bínú. Ẹni tí kò bínú, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ ti di.

Ìyàwó ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àbúrò, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bá wa gbé lúúrú náà wá, àti tùwó.”

Wọ́n gbé e wá nínú àwo amọ̀, ó ń yọ èéfín. Wọ́n bu omi sí wa lọ́wọ́. Ìyàwó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

“Ọbẹ̀ Ìyá Àgbà nìyí,” ni ó wí.

Ó tún dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè rárá.

“Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá sílé wa ní Ṣakí? Lúúrú ni Ìyá Àgbà sè fún yín. Fúnra rẹ̀ ni ó jókòó ti iná. Ẹ kò jẹ. Ẹ ní inú ń run yín.”

Ọkọ kò fèsì, nítorí pé inú kò run ún lọ́jọ́ náà.

“Mo gbà yín gbọ́,” ni ìyàwó wí. “Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè mí sí yàrá, ó bi mí bóyá ọkọ tí mo mú wálé kò fẹ́ràn wa.”

Ìyá Àgbà ti sùn báyìí. Kò sí bí a ó ti ṣe é tí a ó padà lọ sí Ṣakí lọ jẹ ọbẹ̀ tí ó sè lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láàyè.

Ọkọ jẹ lúúrú náà. A kò ní purọ́ fún yín pé òkèlè àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ọbẹ̀ náà yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹnu ọmọ ìkókoré kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ, ó gbọ́ òórùn kan tí ó mọ̀ dáadáa. Irú ni. Dàwádáwá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ni, irú kan náà tí ìyá tirẹ̀ ń rà lọ́jà ní Ìjẹ̀bú. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Nígbà tí a parí, a ti nu àwo náà mọ́. Àwo kan ṣoṣo ni a jọ fi jẹun, a kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, nítorí pé nílé, olúkúlùkù a máa gbé tirẹ̀ síwájú.

Kí a tó dìde, ọkọ pe agbáwo náà, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò sí wàhálà, sà. Nígbà tí èmi náà wà ní kékeré n’Ìbàdàn, n kì í jẹ ewédú. Mo máa ń sọ pé itọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́ mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí? Ohun kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá pe oúnjẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, ọmọnìkejì náà gan-an ni ó ń pè ní ẹni tí kì í ṣe ènìyàn. Kò sí bí a ti lè dá ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Oúnjẹ ni ọwọ́ ìyá ẹni. Bí ẹnì kan bá kó itọ́ sí ọbẹ̀ ìyá yín, ṣé ẹ ó sọ pé ọbẹ̀ nìkan ni ó bú? Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ẹnu tí ó bú ọbẹ̀ Haúsá ní Jabi, ẹnu kan náà ni ó ti kọ ọbẹ̀ àna rẹ̀ ní Ṣakí. Ẹ̀gàn kì í dúró sí ẹnu ibodè. Ẹni tí ó bá fi kọ́ra pẹ̀lú àjèjì, yóò lò ó fún ará ilé.

Àwọn kan yóò wí pé àṣà ni a ń dáàbò bò. Wọ́n á ní bí a bá ń jẹ oúnjẹ ẹlẹ́yà mìíràn, tiwa yóò parun. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ìkòkò ọbẹ̀ tiwa ná. Kí ni ó wà níbẹ̀? Tàtàṣé wà níbẹ̀. Tattasai ni Haúsá ń pè é. Lọ́dọ̀ wọn ni a ti mú orúkọ náà. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Albasa ni Haúsá ń pè é, lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn náà sì ti gbà á. Àlíkámà tí a ń fi ṣe búrẹ́dì ńkọ́? Alkama ni. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti di Yorùbá pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí a dá wọn padà. Ọbẹ̀ ata tí a ń fi yangàn lóde àríyá, bí a bá yọ ohun tí ó ní orúkọ Haúsá kúrò nínú rẹ̀, èló ni yóò kù? Ata rodo, epo àti iyọ̀ ni a ó máa lá.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni a gbà. Àwa náà fún wọn. Obì ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń lọ sí Òkè Ọya láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹran màlúù sì ń bọ̀ wá bá wa. Òwò obì àti ẹran yìí ni ó mú kí Haúsá tẹ̀dó sí Ṣàgámù àti sí Ìbàdàn. Láti ọdún 1916 ni Sábó Ìbàdàn ti wà, ọ̀mọ̀wé Abner Cohen sì ti kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn yìí ti ń bí ọmọ láàárín wa. Mélòó nínú wa tí a dàgbà sí Ìbàdàn ni ó ti wọ Sábó lọ jẹun, yàtọ̀ sí ẹni tí ó lọ ra sùúyà tàbí ẹni tí ó lọ ṣẹ́ owó?

Lúúrú fúnra rẹ̀ ni ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ewé igi oṣè ni. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi oṣè ń gbé. Ó pọ̀ ní Òkè-Ògùn, ó pọ̀ ní agbègbè Ìlọrin, ó sì pọ̀ títí dé Kánò àti Sókótó. Nítorí náà ni ará Ṣakí àti ará Ìlọrin fi ń jẹ lúúrú, tí ará Ìjẹ̀bú kò sì mọ̀ ọ́n. Ìjẹ̀bú tí ó ní ewùrà ni ó ní ìkókoré. Ẹ̀gbá ní láfún, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní púpurú. Ilẹ̀ àti òjò ni ó pín oúnjẹ fún wa. Ẹ̀yà àti èdè kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in. Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ ni, ìyàwó nínú wa sún mọ́ ará Kánò ju bí ó ti sún mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Ta ni ó wá jẹ́ àjèjì lórí tábìlì wa lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé tún wà níbẹ̀. Abuja tí a ń wí yìí, ọwọ́ Yorùbá wà nínú bí ó ṣe di olú-ìlú. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1975 láti wá ibi tí olú-ìlú yóò wà, Adájọ́ Akínọlá Agúdà ni alága, Tai Solarin náà sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ gbogbo wa ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń gbé ibẹ̀ kí gbogbo wa tó dé. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari, wà lára àwọn onílẹ̀ náà. Haúsá tí ó gbé oúnjẹ fún wa, àlejò ni níbẹ̀ bíi tiwa. Bí ẹ bá rí ogún náírà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin amọ̀kòkò tí ẹ ó rí níbẹ̀, Ladi Kwali ni, ọmọ Gbagyi. Kwali, ìlú rẹ̀, wà nínú ilẹ̀ olú-ìlú náà lónìí. Àwo amọ̀ tí a fi jẹun ni ó rán wa létí rẹ̀, ojú sì tì wá pé a ti ń ná owó náà láti kékeré láìbèèrè ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Báyìí ni àlejò ṣe ń gbé inú ilé onílé tí kò mọ orúkọ onílé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a kò sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jẹ èèwọ̀ ìdílé tàbí èèwọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀. A kò sọ pé kí ẹni tí oúnjẹ kan kò bá lára mu fi ipá gbé e mì. A kò tilẹ̀ sọ pé dandan ni kí gbogbo oúnjẹ dùn mọ́ gbogbo ẹnu. Ohun tí a ń bèèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí kò bá sì dùn mọ́ yín, ẹ ní kò dùn mọ́ yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sè é. Ọ̀rọ̀ rere ni ó ń yọ obì lápò. Irọ́ inú rírun tí ọkọ pa ní Ṣakí burú ju kí ó sọ pé, “Mà, n kò jẹ irú èyí rí, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.” Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá jókòó tì í, ì bá sì kọ́ ọ.

Ó tún yẹ kí a sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan. Haúsá tí ó wà láàárín wa tí ó ń pe ewédú ní itọ́, Ìgbò tí ó ń sọ pé àmàlà dúdú bí ẹrẹ̀, àwọn náà ní ẹjọ́ í rò. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Yorùbá ni èyí, ilé tiwa ni a ó sì kọ́kọ́ gbá.

Kí ló dé tí a fi ń sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́? Nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ẹ̀yin náà yóò gbà láìpẹ́. Ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ ìhín lè mọ ọmọ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọn yóò rán lọ sí ibi tí ẹ kò dé rí. A mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe. Gàrí, èlùbọ́ àti irú gbígbẹ ni wọ́n ń dì sínú àpò, wọ́n á sì lo odidi ọdún kan láàárín ìlú láìjẹ oúnjẹ ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní àwọn mọ Òkè Ọya. Kí ni wọ́n mọ̀? Ojú pópó ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò jẹun nílé ẹni, kò tíì wọ ilé náà. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là á dì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ru obì lọ sí Kánò kò ru ìkòkò ọbẹ̀ dání.

Ẹ má sì dúró de ọjọ́ tí ìwé àgùnbánirọ̀ yóò jáde. Inú ọgbà yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, kí ni a máa ń sè? Àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì. Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò. Ó parí. Bí àlejò bá wá bá wa lọ́jọ́ náà, yóò rò pé Ìbàdàn àti Èkìtì nìkan ni ilẹ̀ Yorùbá. Níbo ni lúúrú Ìlọrin àti Ṣakí wà? Níbo ni ẹ̀bìrìpò, ìkókoré àti púpurú wà? Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ibẹ̀ wá wà láàárín wa, wọ́n ń jẹ àmàlà pẹ̀lú wa, wọn kò sì ń dárúkọ ọbẹ̀ ìyá wọn nítorí pé wọ́n mọ̀ pé a ó rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, a bẹ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa pé ní Ọ̀sẹ̀ Yorùbá tí ó ń bọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò kan kaná. Kí ọmọ Òkè-Ògùn se lúúrú, kí ọmọ Ìjẹ̀bú se ìkókoré, kí ọmọ Ìlàjẹ gbé púpurú wá. Kí a sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Haúsá pé kí wọ́n gbé masa tiwọn wá, kí wọ́n fi wé mọ́sà tiwa. Orúkọ wọn jọra. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu wò ó bóyá adùn wọn náà jọra. Kò ní ná ẹgbẹ́ ní owó púpọ̀. Àwa méjèèjì ṣèlérí pé a ó wà níbẹ̀, ọkọ ni yóò sì ro lúúrú náà. Ó ti ń kọ́ ọ. Èyí tí ó sè lọ́sẹ̀ tí ó kọjá dì, àbí kí a ní ó le, ṣùgbọ́n ìyàwó jẹ ẹ́.

Nígbà tí a padà sílé láti Abuja, a gba Ṣakí lọ. A dé ojú oórì Ìyá Àgbà, a sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá ìyàwó bi wá pé kí ni a ó jẹ. Ọkọ ni ó dáhùn. Ẹ ti mọ ohun tí ó ní kí wọ́n sè.